Òpó Tó Ń Ṣọ́ Opó

Ẹni tó sọ Ọ̀kẹ́rẹ́ lórúkọ yẹn kò jẹ̀bi rárá. Bí ẹ bá rí i bó ṣe ń gun òpó, ẹ̀yin náà á gbà pé orúkọ náà bá a mu ju èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ lọ. Bẹ́líìtì ní ìbàdí, irinṣẹ́ lápò, á fò mọ́ òpó, kí ẹ tó ṣẹ́jú ó ti dókè, á bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì a máa pariwo nísàlẹ̀ pé, "Ọ̀kẹ́rẹ́ gorí ìrókò!" Òun náà á dá wọn lóhùn látòkè pé, "Ojú ọdẹ dá!" Ẹ̀rín á sọ. Iṣẹ́ téèyàn bá ń fẹ̀rín ṣe kì í tètè súni.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, òpó tó gùn wà níwájú ilé-iṣẹ́ ńlá kan tí wọ́n ti ń rán aṣọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gan-an. Àpótí funfun kan ló fẹ́ so mọ́ ọn, kò tóbi ju páálí bàtà lọ. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tuntun tí gbogbo ìlú ń pariwo pé ó yára ló wà nínú ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin yọrí látinú ìsọ̀. Opó ni, ọkọ rẹ̀ ti kú tipẹ́. Òun ló tọ́ Ọ̀kẹ́rẹ́ dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá wọn, torí náà, bó ti wù kí Ọ̀kẹ́rẹ́ ga tó lórí òpó, bí ọmọ ọwọ́ ló ṣe ń bá a sọ̀rọ̀.

"Ìwọ, kí lo tún ń so mọ́ mi lórí níbẹ̀ yẹn? Ṣé kì í ṣe pé á máa wò wá?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ ò ní ọkọ nílé mọ́, òpó á máa ṣọ́ opó."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ilẹ̀kùn mú. "Orí ẹ ò pé. Sọ̀ kalẹ̀ wá jẹun, jàre."

Ẹ jẹ́ kí n sọ iṣẹ́ tí obìnrin yìí ń ṣe, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ilé-iṣẹ́ aṣọ yẹn kò gba fóònù wọlé. Ọ̀gá wọn ní fóònù ń jẹ́ kọ́wọ́ falẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ géètì a máa yẹ ara àwọn òṣìṣẹ́ wò láràárọ̀, ẹni tí wọ́n bá bá fóònù lára rẹ̀, ilé yá. Ni opó yìí bá dá ọgbọ́n. Ó gba ìsọ̀ kan lódìkejì géètì, ó kan pákó mọ́ ògiri látòkè délẹ̀, ó ní kí kálukú wá fi fóònù rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ òun, bí iná rẹ̀ bá sì ti lọ sílẹ̀, òun á bá a ṣájì í. Bí igba èèyàn ló ń fi fóònù sílẹ̀ láràárọ̀. Ìyá Fóònù ni wọ́n ń pè é.

Kì í kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀ o. Àjákù aṣọ tí ilé-iṣẹ́ náà ń dà nù ló ń lò. Bó o bá gbé fóònù kalẹ̀, á fa àjákù kan ya sí méjì, á so ìdajì mọ́ fóònù, á fún ẹ ní ìdajì kejì. Nírọ̀lẹ́, wàá mú tìẹ wá, á gbé e ti èyí tó wà lára fóònù. Bí ojú ibi tó ti ya bá ṣe wẹ́kú, fóònù ẹ nìyẹn. Èèyàn lè jí nọ́ńbà, èèyàn lè parọ́ orúkọ, ṣùgbọ́n ta ló lè fa aṣọ ya lẹ́ẹ̀mejì kó rí bákan náà? Ó sì ní òfin tirẹ̀. Gbogbo fóònù ló ń dojú wọn bolẹ̀. Bí ọ̀kan bá ń dún, kó dún títí ọ̀fun ẹ̀ á fi gbẹ, Ìyá Fóònù ò ní wo ẹni tó ń pè. Ìyàwó ilé kan ti wá rí tẹkúntẹkún, ó ní kóun ṣáà wo fóònù ọkọ òun lẹ́ẹ̀kan péré. Obìnrin náà fún un lómi mu, ó sì sìn ín dé ojú ọ̀nà.

"Wọ́n ní kí n bá wọn ṣọ́ ọ ni," ló wí fún un. "Wọn ò ní kí n máa ṣọ́ wọn."

Bí Ọ̀kẹ́rẹ́ ṣe ń jẹun lọ́wọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn pákó náà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tún dá ọ̀rọ̀ àpótí funfun sílẹ̀. "Kí ni tuntun yẹn fi yàtọ̀ sí ti àtijọ́?"

Ọ̀kẹ́rẹ́ fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá bi í léèrè nípa ẹ̀, kó yáa wá àga. Ó ṣàlàyé pé òpó àtijọ́ ga, ó sì jìnnà, ọ̀kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́ fún odindi àdúgbò. Ohun tó lè mọ̀ nípa fóònù kan ò ju pé ó wà lápá ibí tàbí lápá ọ̀hún. Tuntun yìí kúrú, wọ́n sì pọ̀, òpópónà kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Torí pé ó sún mọ́ èèyàn, ó lè mọ ojúlé tí fóònù wà gan-an.

"Ojúlé kẹ̀? Ta ló fẹ́ mọ ojúlé mi?"

"Kò sẹ́ni tó fẹ́ mọ̀ ọ́n, Ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní láti mọ ibi tí fóònù wà kó tó lè bá a sọ̀rọ̀ dáadáa ni. Ẹ̀rọ lásán ni. Ẹ̀rọ ò lójú."

"Lóòótọ́, ẹ̀rọ ò lójú. Ẹni tó ni ẹ̀rọ ńkọ́?"

Ọ̀kẹ́rẹ́ yára kó oúnjẹ sẹ́nu. Ó ti pàdé oríṣiríṣi èèyàn nídìí òpó, àwọn tó ń sọ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì tuntun ń fa ibà, àwọn tó ní ó ń pa ẹyẹ. Ó ti di gbogbo wọn sínú àpò kan, ó sì pe àpò náà ní àìmọ̀kan. Kò wá sí i lọ́kàn pé ìbéèrè ẹ̀gbọ́n òun kì í ṣe ara ẹrù inú àpò yẹn.

Lákòókò yẹn, ìkùnsínú ti wà nínú ilé-iṣẹ́ aṣọ náà. Wọ́n ti ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn pa, wọ́n ní káwọn òṣìṣẹ́ má baà máa yọ́ jáde. Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ló wá kù fún igba èèyàn, nínú ilé tí aṣọ àti òwú kún dé àjà. Lọ́jọ́ kan, maṣíìnì kan ta iná, ó rú èéfín, wọ́n sì rí i pa. Kò sẹ́ni tó fara pa. Ṣùgbọ́n àwọn tó sáré lọ sẹ́yìn lọ́jọ́ náà fọwọ́ ara wọn ti ilẹ̀kùn, kò ṣí. Látìgbà náà ni obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Oníbọ́tìnnì, torí bọ́tìnnì ló ń gán, ti ń sọ pé òun ò ní panu mọ́. Ọ̀rẹ́ Ìyá Fóònù ni. "Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́," ló ń wí fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́. Àwọn aláṣẹ gbọ́, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ sì lẹ́nu lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n kéde pé àwọn ò gbọ́dọ̀ rí ìpàdé kankan ládùúgbò náà.

Ọ̀kẹ́rẹ́ wà lórí òpó níbòmíràn nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Ọkùnrin tó ń lẹ táyà nítòsí ìsọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń pè, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ọ̀kẹ́rẹ́, sọ̀ kalẹ̀! Ọlọ́pàá ti mú Ìyá Fóònù! Wọ́n ti ìsọ̀ pa tòun ti gbogbo fóònù inú ẹ̀. Wọ́n ní ojoojúmọ́ ló ń gba ìpàdé sílé."

Ọ̀kẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Òun tí kì í ṣi ẹsẹ̀ gbé, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ kó tó délẹ̀. Ó sáré lọ bá ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́, bóyá ọ̀gá lè bá a dá sí i, ṣùgbọ́n ọ̀gá mi orí.

"Gbígbé òpó ró niṣẹ́ tiwa. Ẹni tó ń fi ohun tí òpó rí ṣe nǹkan, a ò mọ̀ ọ́n, kò sì kàn wá. Tó o bá tẹnu bọ ọ̀rọ̀ yẹn, má padà síbí."

"Ọ̀gá, ṣé òpó máa ń rí nǹkan ni?"

Ọ̀gá nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà. Ọ̀kẹ́rẹ́ kọrí sí àgọ́ ọlọ́pàá.

Ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó wọ awò ojú ló jẹ́ olórí níbẹ̀. Kò jágbe, kò gbá tábìlì. Ó ní, "Àbúrò, jókòó," ó sì yí kọ̀ǹpútà rẹ̀ sí i. Àwòrán òpópónà náà ló wà níbẹ̀, ilé kọ̀ọ̀kan ò ju páálí ìṣáná lọ, àmì pupa kéékèèké sì ń rìn láàárín wọn. Olórí fọwọ́ kan nǹkan, ilẹ̀ mọ́ nínú àwòrán. Àwọn àmì náà ń ti gbogbo ìlú bọ̀ níkọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn forí lé ojúlé kan ṣoṣo, wọ́n tò léra wọn títí ibẹ̀ fi pọ́n ròdòdò. Wọn ò kúrò níbẹ̀. Nírọ̀lẹ́ ni wọ́n tó tú ká.

"Igba èèyàn," ni olórí wí. "Lójoojúmọ́. Mo bi ẹ̀gbọ́n rẹ pé ta ni wọ́n, ó ní ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ òun, òun ò lè sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀. Àwọn tí mo rán lọ ò bá ẹnì kankan, wọ́n ní àfàìmọ̀ kí àwọn èèyàn náà má ti gbọ́, kí wọ́n sì ti fi fóònù wọn sílẹ̀ fẹsẹ̀ fẹ. Tí èyí ò bá jẹ́ ìpàdé, kí là ń pè é?"

Ọ̀kẹ́rẹ́ wo àwòrán náà. Òpó tòun rèé. Ìsọ̀ ẹ̀gbọ́n òun rèé. Ẹ̀rín tí kò múra sílẹ̀ fún gbọ̀n ọ́n.

"Ọ̀gá, ẹ dákun, ṣé ẹ ti dé ìsọ̀ yẹn rí? Èèyàn mẹ́rin ò lè nasẹ̀ níbẹ̀! Ṣé wọ́n máa to igba èèyàn léra bí aṣọ ni? Fóònù ni, ọ̀gá. Fóònù lásán. Ilé-iṣẹ́ ò gba fóònù wọlé, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n ń fi í sí. Gbogbo ìgbà tí ẹ rò pé wọ́n ń ṣèpàdé, ìdí maṣíìnì ni wọ́n wà, tí wọ́n ń ránṣọ fún ọ̀gá wọn."

Olórí lajú sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́rìn-ín, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó ń nu omijé. "Háà! Pákó la ti ń ṣọ́ látọjọ́ yìí!" Ó pe ọlọ́pàá kan pé kó lọ mú obìnrin náà jáde, kó sì lọ ṣí ìsọ̀ rẹ̀ fún un. Ara tu Ọ̀kẹ́rẹ́. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó tún fi ẹnu ara rẹ̀ kún un pé, "Fóònù tó bá wà níbẹ̀, ọ̀gá, kẹ́ ẹ mọ̀ pé ẹni tó ni ín wà lẹ́nu iṣẹ́."

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Olórí ti ń fi awò ojú rẹ̀ padà, ọwọ́ rẹ̀ dúró lágbede méjì.

"Dúró ná," ló wí. "Tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí n mú gbogbo àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ kúrò ńbẹ̀."

Ó tẹ kọ̀ǹpútà. Igba àmì pupa pòórá, àfi mẹ́rin. Mẹ́rin péré ló gba fóònù wọn lọ́sàn-án ọjọ́ kan náà lọ́sẹ̀ tó kọjá, tí wọ́n gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí gbogbo wọn sì wọ ilé agbẹjọ́rò kan náà. Olórí tún tẹ̀ ẹ́, orúkọ wọn jáde. Orúkọ Oníbọ́tìnnì ló ṣáájú.

"Mo dúpẹ́, àbúrò," ni olórí wí, tọkàntọkàn ló sì fi wí i. "Ariwo igba fóònù yẹn ni ò jẹ́ kí n rí ohun tí mò ń wá."

Bí ẹni nu ojú fèrèsé fún ọkùnrin yìí ni Ọ̀kẹ́rẹ́ ṣe. Ojú tì í, ẹ̀rù bà á, inú bí i sí ara rẹ̀. Ó sáré bọ́ sí ìta, ó pe Oníbọ́tìnnì kó lè ta á lólobó. Fóònù náà ń dún, kò sẹ́ni tó gbé e. Ó tún un pè. Ìgbà tó pè é lẹ́ẹ̀kẹta ló tó rántí ibi tí fóònù náà wà: lórí pákó, nínú ìsọ̀ tí wọ́n tì pa, ó dojú bolẹ̀.

Nígbà tí òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi máa dé iwájú géètì, ọkọ̀ ọlọ́pàá ti ṣáájú wọn dé, ó tún ti ń lọ. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà nínú ẹ̀. Oníbọ́tìnnì rí Ìyá Fóònù lójú ọ̀nà, ó juwọ́ sí i, ó rò pé kò sí ohun tó burú tó bẹ́ẹ̀, nígbà tí wọ́n ti dá ọ̀rẹ́ òun sílẹ̀.

Ọ̀kẹ́rẹ́ ò lè gbé e pamọ́. Ó ro gbogbo ẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níbẹ̀, lójú ọ̀nà, bó ṣe rẹ́rìn-ín àti ohun tó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ. Ó ń retí ìbínú. Ìbínú ì bá sàn. Obìnrin náà kàn gbójú sókè wo àpótí funfun náà fún ìgbà pípẹ́.

"Ọ̀kẹ́rẹ́ gorí ìrókò, ojú ọdẹ dá," ló wí. "Ìyẹn nígbà tí ìrókò ò tíì máa bá ọdẹ ṣiṣẹ́."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Torí kí wọ́n lè dá yín sílẹ̀ ni."

"Mo mọ̀. Ìwọ àtèmi là ń ṣọ́ nǹkan. Èmi ń ṣọ́ fóònù, ìwọ ní òpó ń ṣọ́ mi. Ọ̀rọ̀ kan náà, àmọ́ wò ó bó ṣe ń pa èèyàn mẹ́rin lára." Omi lé sí i lójú. "Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, ohun ẹnikẹ́ni ò bà jẹ́ lọ́wọ́ mi rí. Ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi ni wọ́n wá fi mú wọn."

Nírọ̀lẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ jáde wá gba fóònù. Kò sẹ́ni tó ṣàwàdà. Àwọn kan ń wo Ìyá Fóònù, wọ́n ń wo òpó, wọ́n tún ń wo Ìyá Fóònù. Ó mọ ohun tí wọ́n ń rò. Ó gun orí àpótí ìjókòó rẹ̀, ó sì sọ bọ́ràn ṣe jẹ́ fún wọn, kò bo ti àbúrò rẹ̀ mọ́lẹ̀, kò bo tara rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Ẹni tí ò bá fẹ́ gbé fóònù ẹ̀ wá mọ́, mi ò ní bínú," ló fi parí ẹ̀.

Bàbá Aláyọ́ọ̀nù, àgbàlagbà tó ń lọ aṣọ nínú ilé-iṣẹ́ náà, ló kọ́kọ́ la ẹnu. Ọ̀kẹ́rẹ́ ló kọjú sí.

"Ọmọ mi, bí ọlọ́pàá yẹn bá tún wo ẹ̀rọ ẹ̀ láàárọ̀ ọ̀la, ibo lá ti rí wa?"

"Nínú ìsọ̀ ni, Bàbá."

"O ti wí fún un pé tí fóònù bá wà ní ìsọ̀, a wà lẹ́nu iṣẹ́, àbí?"

"Mo wí bẹ́ẹ̀, Bàbá." Ọ̀kẹ́rẹ́ ò lè gbójú sókè.

"Tí a ò bá wá sí ní ìsọ̀, tí a ò sì sí lẹ́nu iṣẹ́ ńkọ́?"

Ọ̀kẹ́rẹ́ gbójú sókè. "Bí fóònù yín bá ṣáà ti wà lórí pákó, Bàbá, ẹ wà lẹ́nu iṣẹ́."

Bàbá Aláyọ́ọ̀nù ń rẹ́rìn-ín kẹ́kẹ́. Ẹ̀rín náà ran ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó tún ran tẹ̀yìn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n tò síwájú ìsọ̀ bí wọ́n ṣe máa ń tò. Ìyá Fóònù ń fa aṣọ ya, ó ń so ó, ó ń dojú fóònù bolẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gba àjákù tirẹ̀ kì í kọjá sí géètì mọ́, ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ló ń dúró sí. Ọ̀kẹ́rẹ́ ló tò sẹ́yìn pátápátá. Ó ti wọ bẹ́líìtì iṣẹ́, ó sì mọ̀ pé òun lè má wọ̀ ọ́ mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ yìí. Ó na fóònù rẹ̀ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ìwọ náà?"

"Èmi náà, Ẹ̀gbọ́n mi."

Obìnrin náà wá àjákù aṣọ tó dára jù, aláwọ̀ ewé, ó fà á ya. "Mú un dání. Má sọ ọ́ nù o."

Igba èèyàn rìn la àárín ìlú kọjá, kò sí ẹ̀rọ tó mọ̀. Nígbà tí wọ́n dé àgọ́ ọlọ́pàá, Ọ̀kẹ́rẹ́ rí olórí látojú fèrèsé. Ó dojú kọ kọ̀ǹpútà rẹ̀, ara rẹ̀ balẹ̀. Ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀, ó gbójú sókè wo ìta. Ó wo kọ̀ǹpútà. Ó tún wo ìta. Ó yọ awò ojú, ó nù ún, ó fi padà, èèyàn ò dín.

Ó jáde sí ẹnu ọ̀nà. "Ta ló kó yín wá? Ìgbà wo lẹ ṣèpàdé?"

"Ìpàdé kẹ̀, ọ̀gá?" ni Bàbá Aláyọ́ọ̀nù dáhùn. "Ẹ wo ẹ̀rọ yín dáadáa. Ẹnu iṣẹ́ la wà."

Ẹ̀rín bú ta, olórí pàápàá fọwọ́ bo ẹnu kí tirẹ̀ má baà jáde. Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, kálukú na àjákù aṣọ rẹ̀ sókè, pupa, búlúù, funfun, aláwọ̀ oríṣiríṣi. Bàbá ní àwọn mẹ́rin tó wà nínú àgọ́ kò jalè, ilé agbẹjọ́rò ni wọ́n lọ nítorí ilẹ̀kùn tó lè pa gbogbo àwọn. Ó ní tí ìyẹn bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, àwọn tó kù nìyí, kí wọ́n wá àyè fún àwọn náà.

Olórí ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kẹ́rẹ́ rí i tó ń fojú wá ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ẹni tó ṣáájú, ẹni tó tẹ̀ lé e, bó ṣe máa ń rí i lójú kọ̀ǹpútà. Ojú àwọn èèyàn nìkan ló wà níbẹ̀, gbogbo wọn sì ń wò ó. Nígbà tó yá, ó yíjú sẹ́yìn, ó ní kí wọ́n kó àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jáde. Ó ní òun á bá ọ̀gá ilé-iṣẹ́ sọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn náà.

Oníbọ́tìnnì ló kọ́kọ́ yọ, ariwo sọ. Bí ariwo ṣe ń lọ lọ́wọ́ ni olórí rìn wá sọ́dọ̀ Ọ̀kẹ́rẹ́, ohùn rẹ̀ jẹ́jẹ́ bíi tàná.

"Àbúrò, ìwọ tó o mọ̀ nípa iṣẹ́ òpó. Fóònù tìẹ dà?"

Ọ̀kẹ́rẹ́ la àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, àjákù aláwọ̀ ewé wà níbẹ̀, òógùn ti rin ín.

"Ó wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi," ló wí. "Wọ́n ń bá mi ṣọ́ ọ."